Ẹ̀gbà Ọwọ́ tó ti Ulé Ọba Wá

Òórùn kánfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi, kánfọ̀ tó ti dàpọ̀ mọ́ ìtọ̀ eku àti bébà tí òjò ti pa tó sì ti gbẹ láìmọye ìgbà. Yàrá kótópó kan ni, lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Adó-Èkìtì, ní bí ọdún mélòó kan kí 1980 tó wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ohun tí àwọn míṣọ́nnárì àtijọ́ fi sílẹ̀ sí: àga tó ti kán lẹ́sẹ̀, agogo tí kò dún mọ́, Bíbélì tí ikán ti jẹ dé Ìwé Sáàmù. Mo ń wá ohun tí mo lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó lè gboyè kejì, ọ̀gá àgbà wa sì ní kí n lọ tú ibẹ̀ wò. Ọ̀rẹ́ mi, mo tú u. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ilẹ̀kùn náà padà, kí n lọ kọ̀wé nípa ọjà kòkó bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Nísàlẹ̀ àpótí páànù kan ni mo ti rí ìwé pélébé náà. Òyìnbó kan ló kọ ọ́. Kì í ṣe míṣọ́nnárì, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Arìnrìn-àjò ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń gbọ́ àhesọ kan ní etíkun, tí wọ́n á gba aláàárù, tí wọ́n á sì forí lé inú igbó. Ohun tí eléyìí gbọ́ ni pé ìlú kan ń bẹ níwájú Igbemo tó ti di àlàpà, pé gbogbo ọrọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wúrà ló ń wá. Ó kọ ọ́ gàgàrà sójú ewé àkọ́kọ́, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Mo ka ìwé náà tán lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn aláàárù òun ń pe ibẹ̀ ní Ulé Ọba. Wọ́n sọ fún un pé Ọba wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ. Pé ẹrù tó kù nílẹ̀, ẹrù Ọba ni. Ó bi wọ́n bóyá wúrà wà nínú ẹrù náà. Ó ní kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ń wolẹ̀ ni. Níbì kan, ó kọ ọ́ pé Ọba yìí á mà rorò o, nítorí pé bó bá mú ènìyàn lọ, wọn kì í jẹ́ kí a sunkún ẹni náà, ńṣe ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ó ní ara àwọn aláàárù òun ń gbóná, méjì sì ti sá lọ sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ nǹkan kan mọ́.

Ọmọ Èkìtì ni mí, ulé ni àwa ń pe ilé, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti túmọ̀ rẹ̀. Ulé Ọba, ilé ọba, ààfin. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo fi òwe dá ara mi lára yá pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àmọ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nílé oníwàásù, níbi tí wọn kì í ti í sọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń rọra sọ. Etí mi gbọ́ orúkọ náà, kò gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní onímọ̀ ìtàn!

Òkè-Ìlá ni mo gba yàrá sí nígbà náà, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta ìrẹsì Igbemo ní kọ́ńgò kọ́ńgò níwájú ilé. Aládùúrà ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, kì í sì í wọ bàtà. Ojú rẹ̀ kún fún àpá kéékèèké láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí eruku ilẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí i. N kò béèrè rí. Ta ni yóò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà? Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló ń bá a gbé. Ìyá ọmọ náà wà ní Èkó. Ọmọ yìí fẹ́ràn mi débi pé bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á ti wọ bàtà mi kí n tó bọ́ ọ tán, á máa wọ́ ọ káàkiri ojúlé. Fi ọmọ náà sọ́kàn, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, mo sá jáde láìwọ bàtà láti ká aṣọ mi. Mo figbe ta: "Yéè, ilẹ̀ mà gbóná o!" Ìyá àgbà ju kọ́ńgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mísì! Ilẹ̀ tutù. Sọ pé ilẹ̀ tutù."

"Màmá, oòrùn ni mò ń sọ…"

"Sọ ọ́!"

"Ilẹ̀ tutù, Màmá."

Ó bu omi, ó wọ́n ọn síwájú ilé láti ẹnu ọ̀nà dé títì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé àṣejù àgbà ni, mo ká aṣọ mi wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo bi í ní ìbéèrè. Ó ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ, èèpo rẹ̀ ń fò káàkiri, ọmọ náà jókòó tì í. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti apá Igbemo wá, ṣé ẹ mọ ibì kan tó ń jẹ́ Ulé Ọba?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Inú ìwé kan ni mo ti rí i, Màmá."

"Ìwé tó mọ orúkọ ibẹ̀, kò sọ fún ẹ pé a kì í béèrè ọ̀nà ibẹ̀?" Ó gbé atẹ náà kalẹ̀, ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ọmọ tó ti kọjá pípọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù fìrìfìrì ní ìbàdí rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Mo mọ̀ pé mo ti tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà ọ̀dọ́ le. Mo sọ fún ara mi pé ọba tí wọ́n ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ tó báyìí di òní, ààfin rẹ̀ á tóbi.

Ẹni tí mo sọ ọ́ fún ni olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Ọkùnrin aláwàdà ni, ó ní alùpùpù kan tó máa ń ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Òyìnbó náà ya máàpù sínú ìwé rẹ̀: odò kan, àpáta kan, igi àràbà kan, ó sì fi àmì sí ìdí àràbà náà níbi tó ti gbẹ́lẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì wo máàpù náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mísì, bí a bá rí wúrà yìí, ọmọ kankan ò ní í gbọ́ lẹ́nu mi mọ́ níbi tí odò Ọya ti ṣàn wá." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èmi ò wá wúrà, ẹ̀rí ni mò ń wá. Irọ́ ni. Wúrà náà ti ń dán lójú èmi náà. Nígbà tí ìsinmi Kérésì dé, mo sọ fún Màmá pé mo ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìkéré, mo sì gun ẹ̀yìn alùpùpù náà lọ sí Igbemo.

Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tó ń gé ìrẹsì ló mú wa dé ọ̀nà. Kò kọ́kọ́ fẹ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé a ti mọ odò àti àpáta náà, ó ní ó sàn kí òun mú wa lọ ju kí a lọ ṣìnà lọ. Nígbà tí a dé odò tó ti gbẹ, ó dúró. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò kọjá ibẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ṣe bó ti máa ń ṣe. "Baba, ṣé Ọba á mú yín ni?"

Àgbẹ̀ náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kò tíì mú ẹ rí ni." Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni ó rò pé mo lè gbọ́ràn. "Ẹ má mú nǹkan kan bọ̀. Ẹrù Ọba, Ọba ló ni ín. Ohun yòówù tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, ẹ má sunkún." Ó yí padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Mo rántí pé a wo ara wa, tí kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó rẹ́rìn-ín.

Ìlú náà kò jọ ìlú. Òkìtì amọ̀ ni mo rí, kan níbí, kan lọ́hùn-ún, igbó ti bò wọ́n. Òyìnbó yẹn kọ ọ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá lórí wọn. Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe àlàpà náà, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ dúdú ni, ilẹ̀ ọlọ́ràá, irú èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè tìtorí rẹ̀ yọ àdá síra wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbin ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan síbẹ̀. Igi obì wà níbẹ̀ bíi mẹ́fà. Obì ti já sílẹ̀, èyí tọdún yìí lórí tèṣí, ó ti rà, ó ti hù, ó ti rọ mọ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó ṣà á. Níbo lo ti rí obì tí ń ṣòfò nílẹ̀ Èkìtì rí? Mo fẹ́ kí a padà. N kò sọ ọ́.

A gbẹ́ ìdí àràbà náà. Kò tíì jìn dé orúnkún tí ọkọ́ fi kan ìkòkò kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n sì ti lu ìdí rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, eruku dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀, eruku aṣọ tó ti jẹrà, nǹkan róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀. Mo mú un, mo fi síkẹ́ẹ̀tì mi nù ún, ó sì yọ pupa-rúsúrúsú sí mi lójú. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni, kékeré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tí wọ́n fi òkúta lù. Olùkọ́ jọ́gíráfì tún sọ ọkọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Egungun ló kàn.

Ó ju ọkọ́ sílẹ̀. "Mísì, dá a padà," ó wí.

"Ẹ̀rí ni," ni mo dá a lóhùn. A rọra da yẹ̀pẹ̀ bo ilẹ̀ náà, mo fi ìnujú wé ẹ̀gbà náà, mo sì jù ú sínú báàgì mi. Ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí: òwe tí mo ti kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà ni. Gbogbo ojú ọ̀nà, àwa méjèèjì ò sọ ju "rọra, kòtò ń bẹ níwájú" lọ.

Mo fi í sórí tábìlì mi, nínú ìnujú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo jókòó sórí ibùsùn, mo kẹ̀yìn sí tábìlì, mo ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ọmọ náà wọlé wá gbé bàtà mi bó ti máa ń ṣe, n kò tilẹ̀ gbójú sókè. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ orin rẹ̀ níta, mo jáde sí i. Ó wà láàárín àgbàlá, bàtà mi lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé ọwọ́ sókè kí oòrùn lè ràn lára rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ń retí kí ó pariwo. Kò pariwo. Ojú rẹ̀ kan ẹ̀gbà náà, ó sì kúnlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "A dúpẹ́ o," ó wí jẹ́jẹ́. "A dúpẹ́. A dúpẹ́, Ọba. Ẹ ṣeun tí ẹ yà sọ́dọ̀ wa." Ó fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i kí ẹ̀rù má bà á, ó sì bọ́ ẹ̀gbà náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ọpẹ́ yẹn láyé mi, títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ yìí.

Ó fi omi àti ọṣẹ dúdú wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó gbé ẹ̀gbà náà sáàárín wa lórí ẹní. Ó fi ìka kan ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà. "Bàbá mi ló fi òkúta lu ibí yìí," ó wí, "kí ó lè bá ọwọ́ mi mu. Idẹ ni. Kì í ṣe wúrà, kò sí wúrà kankan níbẹ̀ rí."

"Ọba kì í ṣe ọba aládé, Mísì. Ọba tó ń gbin àgbàdo sára ènìyàn ni."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ṣọ̀pọ̀ná. Mo pè é báyìí nítorí kò sí ohun tó lè fi mí ṣe mọ́, ṣùgbọ́n níwájú Màmá n kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní Ọba, ní Olóde, ní ilẹ̀ gbígbóná, kí ó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó yà wọlé. Ó wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì kó wọn lọ. Ẹrù wọn, ẹrù Ọba ni. A kì í sunkún wọn, a máa ń dúpẹ́ ni, torí bí ó bá gbọ́ ẹkún, á bínú, á sì padà wá. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé òyìnbó náà láti ojú ewé kejì. Àwọn aláàárù náà kò parọ́ fún un. Òun ló gbọ́ ọba tó sì rí wúrà, èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá sì kà á lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ààfin.

Mo ní, "Màmá, òyìnbó náà ní ìlú náà ti pẹ́ gan-an."

"Ọdún méjì péré ni nígbà tó dé ibẹ̀." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ulé tí a bá jó òrùlé rẹ̀, òjò ọdún méjì ti tó láti sọ ọ́ di òkìtì."

Ó wá sọ ìyókù fún mi. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn aláàárù òyìnbó náà. Òyìnbó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ. Ó ní ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òyìnbó ní ìbọn. Nígbà tí kò rí wúrà, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ aṣọ máa mú un. Bàbá rẹ̀ mú aṣọ òfì kan fún ìyàwó rẹ̀, ó mú ẹ̀gbà fún ọmọ rẹ̀, ó sá padà sí abúlé wọn. Ìyá rẹ̀ ró aṣọ náà. "Ọjọ́ méjìlá," ni Màmá wí. "Ọ̀nà jíjìn ni Ọba ti ń bọ̀, kì í kánjú. Ní ọjọ́ kejìlá, ara ìyá mi gbóná." Bàbá rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ lọ, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì lọ. Àwọn tó ń sin irú òkú bẹ́ẹ̀ gbé wọn lọ sí Ulé Ọba, wọ́n gbé aṣọ náà lọ, wọ́n bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ òun tí ara rẹ̀ ṣì kún fún egbò, wọ́n sì mú òun náà dání lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà. "Wọ́n ní kí n má sunkún. Wọ́n ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dúpẹ́."

Egungun tí ọkọ́ wa kàn, ìyá rẹ̀ ni, tàbí ẹni tó sùn tì í. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lórí ẹní náà nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó mi. Ó ní kí n dìde, pé kí n lọ wo apá ọmọ náà. Mo lọ wò ó. Apá tèmi ní àpá bupá róbótó tí wọ́n bu fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Apá ọmọ náà ń dán láti èjìká dé ìgùnpá, kò sí àmì kankan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Kò lé mi jáde. Ká ní ó lé mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ńṣe ló ń bu oúnjẹ fún mi bí àtẹ̀yìnwá, èmi ò sì lè gbé e mì. Láràárọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, èmi náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á mi orí, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún olùkọ́ jọ́gíráfì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti bupá fún òun. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé bísíkíìtì wá fún ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún gbé e wá, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wá lójoojúmọ́, á yọjú wo ojú ọmọ, á ní òun ń kọjá lọ ni. Ọmọ náà ń sáré kiri, ó ń wọ bàtà mi. Ìgbà kìíní nìyẹn tí ẹ̀rín ọmọdé ń já mi láyà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ara rẹ̀ gbóná.

Màmá gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn ọmọ náà, ó sì wò mí. Olùkọ́ jọ́gíráfì gbé wa sórí alùpùpù, ọmọ náà láàárín wa, ó ń jó mi láyà bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Màmá fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wa dé ilé ìwòsàn, láìwọ bàtà, lórí títì ọ̀sán gangan. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe gbà á rí nílé bàbá mi oníwàásù. Mo sọ fún Ọlọ́run pé tí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ, èmi ni mo mú un wá.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló gbà wá, àgbàlagbà tó ti bá àwọn abupá rìn káàkiri Èkìtì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó wo ẹnu ọmọ náà, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀. Mo ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, ó kàn ń mirí. Nígbà tó ṣe tán, Màmá ti dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ibà ni," nọ́ọ̀sì náà wí. "Ibà ẹ̀fọn lásán. Àbí ẹ̀yin ò gbọ́ rédíò? Èyí tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, wọ́n ti wá a káàkiri ayé, wọn ò rí ẹnì kan tó ń ṣe mọ́."

Màmá ní, "Kò sí mọ́ níbo?"

"Níbikíbi, Màmá."

Màmá wọlé wá bá a. "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé Ọba wàjà?"

Nọ́ọ̀sì náà wo àpá ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọba wàjà."

Ọmọ náà lo oògùn kíkorò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì dìde, ó béèrè bàtà mi. Èmi ni mo bú sẹ́kún nígbà tó béèrè rẹ̀. Màmá kàn ní kí n múra, pé a ń lọ dá ohun olóhun padà. A wọ bọ́ọ̀sì dé Igbemo, a sì rin ìyókù, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ ibẹ̀. Ní ìdí àràbà, mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ ilẹ̀ náà, mo dá ẹ̀gbà náà padà sábẹ́ ìkòkò rẹ̀, mo sì bo egungun náà dáadáa, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹnu. Nígbà tí mo dìde, Màmá ń wo ilẹ̀ náà.

"Mísì, ìwọ tí o kàwé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò lè gbọ́ mọ́?"

"Òótọ́ ni, Màmá. Kò lè gbọ́ mọ́."

Ó tú gèlè rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà gbọọrọ, bí ọmọ ọdún mẹ́fà. "Yèyé mi o," ó wí, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni tó ń dán an wò. Ó dúró, ó tẹ́tí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó wá lọgun rẹ̀: "Yèyé mi o! Yèyé mi, ẹ mà fi mí sílẹ̀ o!" Ó sunkún bàbá rẹ̀, ó dárúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, èmi náà sì dì í mú, mò ń sunkún níbi tí àgbẹ̀ yẹn ti ní kí n má sunkún.

Ọjà kòkó ni mo padà kọ̀wé nípa rẹ̀, mo sì gboyè náà. Mo dá ìwé òyìnbó náà padà sínú kánfọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ya ewé tí máàpù wà lára rẹ̀, mo sì fi dá iná. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni fún onímọ̀ ìtàn, mo mọ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí ọmọ kíláàsì mi bá ní òun ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń bi í pé lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ, kí sì ni ẹni náà ń bẹ̀rù nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n rò pé ìyọnu tíṣà ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, Màmá dúró lábẹ́ àwọn igi obì yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú inú ewé gbígbẹ wò, ó mú obì kan tó ṣì dára, ó fi aṣọ funfun rẹ̀ nù ún, ó sì pa á. Ó ju awẹ́ kan sẹ́nu, ó na ìkejì sí mi. Mo wò ó, n kò lè gbà á.

"Jẹ ẹ́, Mísì," ó wí. "Kò sẹ́ni tó ni ín mọ́."